A KÌ Í FÁRÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ
Ìdí tí ó fi yẹ kí a kọ́ àwọn tí ń lo ilẹ̀ àti omi kan náà bí wọn yóò ti máa jùmọ̀ ṣètò rẹ̀

Àwọn àgbà wa ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìlò ilẹ̀ mu gidigidi. Ilẹ̀ kì í fẹ̀ sí i, omi odò kò sì lè pọ̀ ju bí òjò ti rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ń gbójú lé méjèèjì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ètò tí ó yè kooro nìkan ni ó lè mú kí díẹ̀ tí ó wà náà kárí. Bí ẹnì kan bá sì dá ètò náà ṣe láìpe àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ìjà ni ó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilẹ̀ àkùrọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní fàdámà. Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń gbé ní Kàdúná, Mínnà, Kánò tàbí Báúṣì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí láti inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tí a ń kó lọ sí ọjà Mile 12 ní Èkó ti ń wá. Ní ìgbà òjò, àgbẹ̀ a gbin ìrẹsì síbẹ̀. Nígbà tí omi bá fà, àgbẹ̀ mìíràn a gbin tòmátì àti ẹ̀fọ́, a sì máa fi ẹ̀rọ fa omi sí i. Apẹja ń dẹ àwọ̀n sínú adágún tí ìkún omi fi sílẹ̀. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn yìí kan náà ni Fúlàní darandaran ń kó màlúù rẹ̀ bọ̀, nítorí pé koríko ilẹ̀ òkè ti gbẹ tán. Àwọn obìnrin ń ṣẹ́ igi ìdáná níbẹ̀, àwọn amọ̀kòkò ń wa amọ̀, oníṣòwò sì ń dúró de ẹrù lẹ́bàá ọ̀nà. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni. Olúkúlùkù wọn ni ó sì ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ níbẹ̀.

ÈTÒ TÍ A DÁ ṢE

A ti rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá pe gbogbo wọn jọ. Ní ọdún 1974 ni a parí odi ńlá tí a fi sé odò Kánò ní Tiga. Ní 1992 ni ti Challawa Gorge tẹ̀lé e. Ète ìjọba dára: kí omi lè wà fún oko ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì wà fún mímu ní ìlú Kánò. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ó wà lápá òkè odò sì jàǹfààní rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n odò náà kò pin sí Kánò. Ó ń ṣàn lọ sí Hadejia àti Nguru, ìlú tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Kánò dópin sí, ó sì ń lọ sí Gashua kí ó tó kọjú sí adágún Chad. Pẹ̀lú ọ̀dá tí ó dá ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ilẹ̀ tí ìkún omi máa ń dé lápá ìsàlẹ̀ yìí dín kù púpọ̀. Ní àwọn ibòmíràn, koríko gíga tí a ń pè ní typha hù bo ojú odò, ó dí ọ̀nà omi mọ́ apẹja àti àgbẹ̀ lójú, ó sì di ibùwọ̀ fún àwọn ẹyẹ tí ń jẹ ọkà run. Nígbà tí a ń ṣe ètò Tiga, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kò sí ní ìjókòó.

Àpẹẹrẹ kejì ni ètò Fàdámà Kìíní, tí ìjọba fi owó tí ó yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ṣe láti ọdún 1993 sí 1999. A gbẹ́ kànga, a sì pèsè ẹ̀rọ tí ń fa omi fún àwọn àgbẹ̀. Irè oko pọ̀ sí i lóòótọ́. Àmọ́ àgbẹ̀ nìkan ni ètò náà fojú sí. A kò rántí darandaran, a kò rántí apẹja, a kò sì ronú púpọ̀ nípa ẹni tí yóò tọ́jú irè náà tàbí tí yóò tà á. Oko ẹ̀ẹ̀rùn wá gba ibi tí màlúù ti ń jẹko àti ibi tí wọ́n ń gbà dé etídò. Ìjà láàárín àgbẹ̀ àti darandaran sì le sí i.

Ẹ̀KỌ́ ṢÁÁJÚ OWÓ

Nígbà tí Fàdámà Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 2004, a ti kọ́gbọ́n. Báńkì Àgbáyé yá ìjọba ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là fún un, fún ìpínlẹ̀ mọ́kànlá àti Àbújá: Adamawa, Báúṣì, Gombe, Imo, Kàdúná, Kebbi, Èkó, Niger, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Taraba. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, a kò kọ́kọ́ pín ẹ̀rọ. Ènìyàn ni a kọ́kọ́ kó jọ. Àwọn tí iṣẹ́ wọn dọ́gba dá ẹgbẹ́ kéékèèké sílẹ̀: àgbẹ̀, darandaran, apẹja, ọdẹ, àwọn tí ń lọ gàrí tàbí tí ń se ìrẹsì, àti àwọn oníṣòwò. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké yìí wá para pọ̀ di ẹgbẹ́ àpapọ̀ kan ní àdúgbò. A rán olùtọ́sọ́nà sí wọn láti kọ́ wọn bí wọn yóò ti ṣe ìwé ètò ìdàgbàsókè fún ara wọn. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé náà ni owó ń jáde. Àwọn ẹgbẹ́ náà sì ní láti dá owó tiwọn sí i: ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún fún ohun èlò iṣẹ́, àti ìdá mẹ́wàá fún ọ̀nà tàbí ọjà tí gbogbo ìlú yóò lò.

OHUN TÍ WỌ́N Ń KỌ́

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ni a ní láti kọ́ àgbẹ̀ nípa ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti ro. A kò kọ́ ọ ní oko ríro. Ohun tí a ń kọ́ ọ ni bí yóò ti fi ojú ẹlòmíràn wo ilẹ̀ náà. Ní nǹkan bí ọdún 1988 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí ní Kenya àti Índíà. Robert Chambers, ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì wà lára àwọn tí wọ́n tàn án ká gbogbo ayé.

Àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Olùtọ́sọ́nà kì í mú àwòrán wá láti ọ́fíìsì. Ó ń ní kí àwọn ará ìlú fi igi, òkúta àti eérú ya ìlú wọn sórí ilẹ̀ gbalasa. Àgbẹ̀ a fi ẹka igi sàmì sí oko rẹ̀. Darandaran a dìde, a ní, "Ibẹ̀ yẹn ni màlúù ń gbà lọ mu omi." Apẹja a tọ́ka sí ibi tí ẹja ń yé ẹyin sí. Nítorí pé orí ilẹ̀ ni àwòrán wà, ẹni tí kò mọ̀wé lè tún un ṣe bí ẹni tí ó mọ̀wé.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń to oṣù ọdún jọ. Wọ́n a fi òkúta wẹ́wẹ́ ka oṣù méjèèjìlá, wọ́n a sì sọ ohun tí olúkúlùkù ń ṣe ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń hàn kedere. Wọn a rí i pé kì í ṣe gbogbo ọdún ni àgbẹ̀ àti darandaran fi ń jà. Ìjà máa ń wà nígbà tí màlúù bá dé ṣáájú ìkórè, tàbí nígbà tí a bá gbin oko tuntun sí ojú ọ̀nà wọn. Ìjà tí a ti mọ oṣù rẹ̀ ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. A lè fẹnu kò lórí ọjọ́ tí màlúù yóò wọlé, kí a sì fi àmì sí ọ̀nà tí wọn yóò gbà.

Wọn a tún jọ fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà láti òkè dé etídò, kí wọ́n lè fi ojú rí ohun tí wọ́n yà. A ń fún àwọn obìnrin láàyè láti ya àwòrán tiwọn lọ́tọ̀, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìlú wọn kì í lè sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọkùnrin. Níkẹyìn, a ń kọ́ wọn ní ìṣirò owó, kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, àti yíyan ohun tí ó ṣe pàtàkì jù.

Àwọn olùwádìí àjọ IFPRI, tí ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, rí i pé owó tí ń wọlé fún àwọn tí wọ́n kópa nínú Fàdámà Kejì fi nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ àti ọ̀nà ní ipa tiwọn nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi sí ibi tí ìjà wà kì í pẹ́ bàjẹ́.

IBI TÍ Ó KÙ SÍ

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe. Darandaran tí ń kọjá fún oṣù méjì péré lè máà sí nílé ní ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí ó lówó tàbí tí ó jẹ́ ìbátan ìjòyè lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tí ó tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500) hẹ́kítà fún oko, tàbí ẹgbẹ̀rún márùn-ún (5,000) fún ìjẹko, láìjẹ́ pé a tọ gómìnà lọ. Ìwé àdéhùn tí àwọn ará àdúgbò fọwọ́ sí lè di asán bí àwọn tí ń pín ilẹ̀ kò bá mọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà jókòó gba ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú àwọn ará ìlú.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ WÀ NÍ ÌDÁLẸ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò kan àlejò. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ yóò ti máa kó tòmátì, ibi tí ọjà yóò wà, ọ̀nà tí a óò là, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pinnu ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Bí ètò náà bá ka oníṣòwò mọ́ àwọn tí ń lo àkùrọ̀, àga tiwa wà níbẹ̀. Bí a kò bá jókòó lórí rẹ̀, ẹlòmíràn yóò sọ ohun tí ó rò pé a fẹ́.

Kí olórí Yorùbá ìlú kọ̀ọ̀kan máa bi ìjọba ìbílẹ̀ léèrè ìgbà tí ìpàdé yóò wà. Kí a rán ẹni tí ó gbọ́ èdè ibẹ̀ lọ, kí a sì fi ìyálọ́jà kan kún un, nítorí òun ni ó mọ iye tòmátì tí ń rà sọ́nà. Ojú àlejò là, kò fi ríran. Nítorí náà kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu onílé kí a tó sọ tiwa. Kí a má ṣe sọ pé tiwa ni ilẹ̀ tí wọ́n yá wa; ohun tí à ń lò ó fún àti àdéhùn tí a bá wọn ṣe ni kí a sọ. Bí ìpàdé bá sì parí, kí a béèrè ẹ̀dà ìwé ètò náà, kí a sì pa á mọ́.

Kí a rántí pẹ̀lú pé ní Òkè-Ògùn àti ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwa ni onílé, Fúlàní darandaran ni àlejò. Ìjókòó tí a ń fẹ́ kí wọ́n fún wa ní Kàdúná tàbí Mínnà ni kí àwọn ènìyàn wa fún àwọn náà nílé. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ilẹ̀ tí gbogbo wa jọ ń jẹ lára rẹ̀, gbogbo wa ni ó yẹ kí a jọ jókòó ṣètò rẹ̀.