Iná Bíréèkì Kì Í Tàn Lásán

Bí ènìyàn bá dúró ní Allen Avenue, ní Ìkẹjà, ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń darí relé, nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀ láti òpópónà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ títí dé Òpèbí, yóò rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà ni ó ti lo ọdún gbọọrọ lókè òkun kí ó tó tòkun bọ̀ wá sí Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n. Kò sì sí ohun tí ìrìn sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ń jẹ níyà tó bíréèkì, nítorí ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í kúrò lórí rẹ̀. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni iná pupa róbótó kan, tí àmì ìyanu wà láàrin rẹ̀, ti sábà máa ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. A-wí-fún-ni-kó-tó-dá-ni, àgbà ìjàkadì ni. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ ni iná yìí.

Bí kì í bá ṣe pé a gbàgbé láti sọ háńbíréèkì kalẹ̀, ohun tí ó sábà ń wí ni pé ọ́ìlì bíréèkì ti lọ sílẹ̀ nínú ike rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹlòmíràn a bu òmíràn kún un, iná a kú, ọkàn wọn a balẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù wọn ti ń bà mí, nítorí ọ́ìlì bíréèkì kì í jóná bí epo bẹntiróò. Bí ó bá dín, yálà páàdì bíréèkì ti jẹ débi pé ọ́ìlì ní láti tẹ̀lé písítìn síwájú, tàbí ó ń jò níbì kan, ní ọ̀pá, ní rọ́bà, tàbí lẹ́yìn táyà. Páàdì tí ó bá ti fẹ́lẹ́ tó mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ń jò, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wá bá ọkọ̀ níbi tí ó wà.

Ẹ̀tàn kan wà nínú jíjò bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí a pín bíréèkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá já, kí iná pupa sì sọ fún awakọ̀ pé ọ̀kan ti lọ. Ọkọ̀ tí ó ṣì ń dúró lè jẹ́ ọkọ̀ tí ìdajì bíréèkì rẹ̀ ti kú.

Ọ́ìlì náà pẹ̀lú a máa gbó. Ó ń fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ Èkó Arómisá-lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀ kò sì ṣaláìní omi. Ọ́ìlì bíréèkì irú DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 205 ti Celsius. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 140, oru a sì gba àyè ọ́ìlì, ẹsẹ̀ bíréèkì a rì wọlẹ̀. Ọdún méjì méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dípò rẹ̀ láéláé, nítorí yóò ba àwọn rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan dànù lẹ́bàá Afárá Ọ̀tẹ́dọlá, tí kò jìnnà sí Ìkẹjà. Bíréèkì ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sọ pé ó já. Ó kéré tán, ẹ̀mí 9 lọ sí i, ọkọ̀ tí ó lé ní 50 sì jóná.

Ìdí nìyí tí inú mi fi ń bàjẹ́ sí àwọn tí ń di iná bíréèkì lẹ́nu: ẹni tí ó ní kí rìwáyà gé wáyà rẹ̀, àti olùtajà tí ó yọ gílóòbù kí olùrà má baà béèrè. Ọ̀nà àtimọ̀ kò le. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì, iná pupa yẹ kí ó tàn. Bí a bá tan ẹ́ńjìnnì tí a sì sọ háńbíréèkì kalẹ̀, kí ó kú. Èyí tí kò tàn rárá burú ju èyí tí kò kú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Ìkẹjà tàbí Agége, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú yín rí i kí ẹ tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.