Ẹ Fi Ọwọ́ Ara Yín Hun Ọ̀já Orí Tí Kò Ní Pa Irun Lára

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀já orí rí nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Ìyá fẹ́ kí irun ara rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ wà létòlétò. Ó ra ọ̀já onírọ́bà tí ó le koko lọ́jà, ó sì ń dè é mọ́ orí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Kò pẹ́, kò jìnnà, irun ẹ̀bátí tí ó ń tọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í re. Ohun tí a rà láti fi bu ẹwà kún irun ni ó wá ń ba irun jẹ́.

Ní oṣù yìí, a fẹ́ fi han ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kò di abẹ́rẹ́ ìhun mú rí, bí ẹ ó ṣe fúnra yín hun ọ̀já orí tí ó rọ̀, tí ó bá orí mu, tí kò sì ní rọ́bà nínú rárá.

Ìdí tí ó fi yẹ kí a ṣọ́ra

Àwọn oníṣègùn awọ ara ti ṣàlàyé pé bí a bá ń fa irun le ní ojú kan náà lójoojúmọ́, yálà nípa irun dídì tí ó le jù, tàbí irun àfikún tí ó wúwo, tàbí ọ̀já tí ó fún orí, ihò tí irun ti ń hù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Iwájú orí àti ẹ̀bátí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ hàn sí. Bí orí bá ń dunni lẹ́yìn irun dídì, bí eéwo wẹ́wẹ́ bá sì ń yọ ní etí irun, àmì ìkìlọ̀ ni. Bí a bá tètè dẹwọ́, irun náà lè padà hù. Bí a bá jẹ́ kí ó pẹ́ jù, ihò náà yóò dí, irun kì yóò sì hù níbẹ̀ mọ́.

Ti ọmọ ọwọ́ tún gba àkíyèsí ju èyí lọ. Ọ̀já lè yọ́ wálẹ̀ bo imú àti ẹnu ọmọ, tàbí kí ó bọ́ sí i lọ́rùn nígbà tí ó bá ń sùn. Ọ̀já orí kì í ṣe aṣọ oorun. Ẹ máa tú u kúrò lórí ọmọ kí ẹ tó tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ má sì fi í sí i lórí níbi tí àgbàlagbà kò bá ti fojú sí i.

Ìdí tí ọ̀já híhun kò fi nílò rọ́bà

Híhun kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìyá ńlá wa hun kíjìpá lórí òfì wọn, nígbà tí Anna Hinderer sì dé Ìbàdàn ní 1853, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lára ohun tí ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ayé àwọn ìyá wa, ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń hun nǹkan.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Lórí òfì, ọ̀pọ̀ òwú ni ó ń dábùú ara wọn, ìdí nìyí tí aṣọ òfì kì í fi í nà. Ní ti abẹ́rẹ́ ìhun, òwú kan ṣoṣo ni à ń fà, tí a ń fi ojú kan gba inú ojú kejì. Àwọn ojú wọ̀nyí máa ń là bí a bá fà wọ́n, wọ́n sì máa ń padà bí a bá jọ̀wọ́ wọn. Ọ̀já tí a hun báyìí yóò di irun mú láìfún orí.

Irú òwú tí ó yẹ

Ilẹ̀ Lekki títí dé Ajah wà láàárín omi méjì: òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà wà ní àríwá. Atẹ́gùn òkun ń tú irun ká, ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó bá fi ìdájí kúrò ní Ajah, tí ó bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lọ sí Victoria Island, mọ bí orí ti ń làágùn tó kí ó tó dé ibi iṣẹ́. Nítorí náà, òwú tí ń fa òógùn mu ni kí a wá, èyíinì ni ojúlówó òwú tí ó ti ara igi òwú wá.

Èyí tí wọ́n ń pè ní wúùlù lọ́jà Balógun àti Ìdúmọ̀tà kì í sábà jẹ́ irun àgùntàn. Okùn àtọwọ́dá ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n kì í fa òógùn mu. Bí ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́, ẹ já òwú náà ní ìwọ̀n ìka kan, kí ẹ ṣáná sí i lórí àwo irin, níbi tí ọmọdé kò sí, kí omi sì wà nítòsí. Ojúlówó òwú yóò jó bí ìwé, eérú rẹ̀ yóò sì kúnná. Irun àgùntàn yóò rùn bí irun tí iná jó. Okùn àtọwọ́dá yóò yọ́, yóò sì dì sí kókó líle.

Àwọn ohun èlò

Òwú tí kò tínrín jù tí kò sì nípọn jù, gíráàmù 50.
Abẹ́rẹ́ ìhun méjì, tí ìnípọn wọn jẹ́ mìlímítà 4.
Abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan tí ojú rẹ̀ tóbi, tí ẹnu rẹ̀ kò mú.
Téèpù ìwọ̀n àti àlùmọ́gàjí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

1. Ẹ wọn orí. Ẹ yí téèpù ká láti iwájú orí, gba ẹ̀yìn etí, dé ìpàkọ́. Ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 4 kúrò nínú rẹ̀. Bí orí bá jẹ́ 56, ọ̀já yóò jẹ́ 52. Fún ọmọdé, ẹ má yọ ju 2 lọ.

2. Ẹ ta ojóbó sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí ìbẹ̀rẹ̀ òwú, kí ẹ fi kọ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ òsì. Ojú kìn-ín-ní nìyí. Ẹ jẹ́ kí ó dẹ̀ díẹ̀.

3. Ẹ ti ẹnu abẹ́rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ojú náà láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ fi òwú yí ẹnu rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fà á gba inú ojú náà jáde. Ojú tuntun ti dé. Ẹ gbé e kọ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ojú yóò fi pé 18. Fún ọmọdé, 10 ti tó.

4. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ìlà kìn-ín-ní. Ìṣe kan náà ni: ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ yí òwú ká, ẹ fà á jáde. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ẹ fi ojú tuntun sílẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ ọ̀tún, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú àtijọ́ bọ́ kúrò lórí abẹ́rẹ́ òsì. Bí ìlà bá parí, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ kejì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

5. Ẹ máa hun bẹ́ẹ̀ títí ọ̀já yóò fi gùn tó ìwọ̀n yín. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì láìfà á kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

6. Láti parí rẹ̀, ẹ hun ojú méjì sórí abẹ́rẹ́ ọ̀tún, kí ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ òsì gbé ti àkọ́kọ́ fo ti ẹ̀kejì sọ nù. Ẹ tún hun ọ̀kan sí i, kí ẹ gbé èyí tí ó ṣáájú fò ó. Bí ó bá ku ojú kan, ẹ gé òwú, kí ẹ fa ìdí rẹ̀ gba inú ojú náà.

7. Ẹ so orí méjèèjì pọ̀, kí ẹ rán an, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tọ ìdí òwú wọnú ìhun.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ẹ máa ka ojú ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí 18 bá di 19, òwú ti gba orí abẹ́rẹ́ kọjá níbi tí kò yẹ. Bí ó bá di 17, ojú kan ti bọ́. Ẹ wá a kí ó tó tú wálẹ̀ bí àkàbà, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tí ó ní ìkọ́ lẹ́nu gbé e padà láti ìlà dé ìlà. Bí ìhun bá le tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kò fi ráyè wọlé, ẹ dẹwọ́. Ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ni ó sábà máa ń fún òwú jù.

Ìdánwò ìkẹyìn

Bí ẹ bá ti wé e tán, ẹ ti ìka méjì bọ abẹ́ ọ̀já náà ní ẹ̀bátí. Bí wọ́n bá wọlé wẹ́rẹ́, ó dára. Bí wọn kò bá wọlé, tàbí bí ilà bá wà ní iwájú orí nígbà tí ẹ bá tú u, ẹ tú ìrán rẹ̀ kí ẹ sì hun ìlà díẹ̀ sí i. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le àti omi tútù fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti gbẹ; bí ẹ bá fi kọ́ okùn, yóò nà kọjá ìwọ̀n.

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó láti parí ọ̀já kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ìlà àkọ́kọ́ lè wọ́, ìlà kejì lè dẹ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kí ó sú yín, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àjẹkù òwú sábà máa ń tó hun kékeré kan fún ọmọ. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn orí ọmọ rẹ̀, tí ó sì hun ọ̀já tí ó bá a mu, kì í ra èyí tí yóò pa á lára.