Owó-Orí àti Òṣìṣẹ́-Fẹ̀yìntì: Àlàyé Lórí Owó Ìfẹ̀yìntì àti Owó Ilé ní Alápẹ̀rẹ̀

Ìfáàrà
Orúkọ tí Yorùbá fún owó-orí fi hàn pé orí ẹni ni a gbà pé a ń san owó náà lé. Ogun Àdùbí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ọdún 1918 àti ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ti ọdún 1968 sí 1969 kò ṣẹ̀yìn irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin òde òní kò ka orí. Owó tí ó wọlé fún ẹni ni ó ń wò, ó sì ń béèrè ibi tí owó náà ti wá. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tí ó kọ́ ilé sí Alápẹ̀rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ́fẹ́, tí ó sì gba ayálégbé sí i. Ọ̀nà méjì ni owó ń gbà wọlé fún un: owó ìfẹ̀yìntì àti owó ilé. Ojú kan náà kọ́ ni òfin fi ń wo méjèèjì.

Ohun tí Òfin Sọ
Òfin Owó-Orí Nàìjíríà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2026. Lábẹ́ òfin yìí, a kì í san nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún tí ó yẹ fún owó-orí. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni a ń san lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e, ìdá 18 lórí ₦9,000,000 tí ó tún tẹ̀lé ìyẹn. Báyìí ni ìdá náà ń gòkè títí dé 25 lórí èyí tí ó bá kọjá ₦50,000,000.

Owó ìfẹ̀yìntì tí a san lábẹ́ Òfin Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Owó ilé, èrè ọjà àti owó iṣẹ́ àdáni wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ arúgbó ni ó ni wọ́n.

Ní ti òṣìṣẹ́ tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, a ó kọ́kọ́ yọ owó tí ó ń dá sí àpò ìfẹ̀yìntì kúrò nínú owó rẹ̀. Bí ó bá ń gbé ilé onílé, a ó tún yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ó san lọ́dún, ṣùgbọ́n iye tí a ó yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ìwé àdéhùn àti rìsíìtì onílé ni ẹ̀rí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ Ìṣirò
Ká ní bàbá kan ń gba ₦1,200,000 lọ́dún gẹ́gẹ́ bí owó ìfẹ̀yìntì, tí ó sì ń gba ₦1,800,000 lọ́wọ́ àwọn ayálégbé rẹ̀. Ó ná ₦200,000 láti tún òrùlé ilé náà ṣe, rìsíìtì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. A ó yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó ilé, yóò ku ₦1,600,000. A ó yọ ₦800,000 àkọ́kọ́, yóò ku ₦800,000. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Bí ó bá ṣèèṣì da owó ìfẹ̀yìntì mọ́ owó ilé, ₦300,000 ni yóò san. Àìmọ̀ nìkan ni yóò gba ₦180,000 lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni ó háyà ṣọ́ọ̀bù nínú ilé náà, òfin ní kí ó yọ ìdá 10 nínú owó ilé, kí ó san án fún ìjọba. Ara owó-orí onílé ni owó yìí. Kí onílé béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí a lè yọ ọ́ nínú gbèsè rẹ̀.

Ìkéde Owó àti Ẹ̀tọ́ Ẹni
Àṣìṣe kejì ni kí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ owó-orí pátápátá. Àjọ LIRS ni ó ń gba owó-orí yìí ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ni gbèdéke tí a gbọ́dọ̀ fi kéde owó tí ó wọlé ní ọdún tí ó kọjá. Ẹni tí kò bá kéde lè san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀lé e. Àjọ náà tún lè fi òye ara rẹ̀ díye lé owó onítọ̀hún. Bí iye tí wọ́n kọ ránṣẹ́ bá pọ̀ jù, kí ẹni náà kọ ìwé àtakò láàárín 30 ọjọ́, kí ó sì so ẹ̀rí mọ́ ọn. Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé orí ilé ni Land Use Charge wà. Sísan án kò dípò owó-orí.

Àgbálọgbábọ̀
Ohun tí àlàyé yìí fi hàn ni pé kí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ya owó ìfẹ̀yìntì sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé, nínú ìwé àti ní báńkì bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Àkọsílẹ̀ ni ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì yóò fi ṣọ́ owó rẹ̀.