Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí

Bí ẹnì kan ní Omole bá ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Àmọ́ ó lè jẹ́ ulcerative colitis, àìsàn tó ń dá egbò sí ìfun ńlá. Okùn oníkámẹ́rà tí dókítà ń tì bọ ìdí ló ń fi ìyàtọ̀ hàn; LASUTH ní Ìkẹjà kò sì jìnnà.

Mesalazine àti sulfasalazine máa ń mú un rọlẹ̀. Ẹ má ṣe pa wọ́n tì torí pé ẹ̀jẹ̀ dá. Ìwádìí fi hàn pé èròjà inú ata ilẹ̀ pupa lè ran mesalazine lọ́wọ́. Kò lè rọ́pò rẹ̀. Àgbo tó ń fọ inú lè dá kún ìṣòro náà. Ohun yòówù tí ẹ bá ń mu, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.