Àbàwọ́n Omi Lára Àjà Ilé: Ẹ Má Tíì Ra Ọ̀dà

Bí ẹ bá gbójú sókè, tí ẹ rí àbàwọ́n tó pọ́n bíi tíì lára àjà, ẹ má tíì ra ọ̀dà. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń jò: ṣé òrùlé ni, àbí páìpù?

Bí ẹ bá ń rẹ́ǹtì ní England, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù. Òfin Landlord and Tenant Act 1985 ti fi àtúnṣe òrùlé àti páìpù sí i lọ́rùn.

Bí wọ́n bá ti kọ́ ilé náà ṣáájú ọdún 2000, tí ara àjà rẹ̀ kò dán, asbestos lè wà nínú rẹ̀. Ẹ má ha á, ẹ má gbo ó. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ pe oníṣẹ́.

Bí kò bá sí ewu yẹn, tí àjà sì ti gbẹ, ẹ pa iná yàrá náà látibi fíúsì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò. Ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ fi kànìnkàn tó rin díẹ̀ nù ún, lẹ́yìn náà ẹ fi omi lásán nù ún. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ fínígà láéláé; èéfín rẹ̀ léwu.

Bí àmì bá ṣì hàn lẹ́yìn tó gbẹ, ọ̀dà olómi lásán kò lè bò ó. Àbàwọ́n náà yóò tún yọ jáde. Stain block ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kùn ún, kí ọ̀dà tó tẹ̀lé e.