Adùn Tí Kò Ní Ṣúgà

Nígbà tí àwọn ọmọ wa tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé bá wá ṣe ọdún ní Atakpamé, ẹlẹ́rìndòdò àti àkàrà òyìnbó ni a máa ń gbé ka iwájú wọn. Bí ẹni tí a ti fi iṣẹ́ abẹ dín àpò oúnjẹ rẹ̀ kù nítorí ìsanra bá kọ̀ ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a bínú. Bí ṣúgà púpọ̀ bá wọlé, ó lè yára dé ìfun rẹ̀: ọkàn á máa lù kìkì, òógùn á bò ó, òòyì á sì kọ́ ọ.

Ṣé kí ó wá kọ adùn sílẹ̀ ni? Rárá o. Bọ́ńbọ́n tí kò ní ṣúgà wà. Ṣùgbọ́n maltitol tàbí sorbitol inú òmíràn a máa ṣí ènìyàn nínú bí ó bá pọ̀ jù. Ẹyọ kan tàbí méjì ti tó.

Igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà ní tirẹ̀: àgbáyun. Ẹni tó bá jẹ èso pupa kékeré yìí, ọsàn wẹ́wẹ́ yóò dùn lẹ́nu rẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1725, Chevalier des Marchais, ará Faransé, kíyè sí i pé àwọn ènìyàn etíkun wa ń jẹ ẹ́ ṣáájú oúnjẹ kíkan. Ahọ́n nìkan ni ó ń yí padà. Kíkan ọsàn náà ṣì wà fún ikùn. Nítorí náà, kí aláìsàn kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí a tó gbé àwo kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bi àlejò wa léèrè ohun tó bá a lára mu.