Oró Inú Òkun Ọsirélíà

Ní oṣù January ọdún 1955, ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan wọ omi tí kò jìn ní Cardwell, ní àríwá Queensland. Ohun kan ta á, ó sì kú. Dókítà Hugo Flecker, ará Cairns, ní kí àwọn ọlọ́pàá fi àwọ̀n gbá omi náà. Jẹ́lífíìṣì alápòótí kan wà lára ohun tí wọ́n kó, irú èyí tí onímọ̀ kankan kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Orúkọ Flecker ni wọ́n fi sọ ọ́: Chironex fleckeri.

Ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé ẹni tó ń wẹ̀ kì í rí i. Ojú 24 ló ní, okùn tó ń wọ́ tẹ̀lé e lè tó 60, wọ́n sì lè gùn tó mítà mẹ́ta. Ara okùn yìí ni àìmọye àpò oró tíntìntín wà, abẹ́rẹ́ sì ká jọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí awọ èèyàn bá ti kàn án, abẹ́rẹ́ á yọ, oró á wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní 60 èèyàn tó ti tipa bẹ́ẹ̀ kú ní Ọsirélíà. Ìjàpá òkun ní tirẹ̀ ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ ni!

Irukandji, ìbátan rẹ̀, kò ju èékánná lọ. Lọ́dún 1961, Dókítà Jack Barnes mú ọ̀kan ní Cairns, ó fi ta ara rẹ̀, ó fi ta ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ó tún fi ta ọ̀dọ́kùnrin adóòlà ẹ̀mí kan. Ó kọ́kọ́ dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Nígbà tó yá, ìrora gbé wọn dè, ó di ilé ìwòsàn. Bàbá wo ló ń fi ọmọ dán irú èyí wò? Síbẹ̀, ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ẹran yìí ló ń fa irú ìrora bẹ́ẹ̀.

Láti November sí May, pátákó ìkìlọ̀ àti ìgò fínígà máa ń wà létíkun ní àríwá Queensland. Fínígà kì í pa oró tó ti wọlé, kì í sì í mú ìrora lọ. Àpò tí kò tíì yọ abẹ́rẹ́ ló ń dá dúró. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wọ aṣọ tó bo ara. Bó bá ta ẹnì kan, ẹ má fi yanrìn ra á, ẹ má bu omi tí kò níyọ̀ sí i. Ẹ da fínígà sí i fún ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú àáyá. Bí kò bá mí mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ léraléra, ẹ má sì dáwọ́ dúró títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn yóò fi dé.